Ìkọ́ Tí Ìyàwó Mi Yàn

Ní ìlú wa, obìnrin ni wọ́n ń ka owú jíjẹ sí lọ́rùn. Bí ọkùnrin bá ń jowú, wọn á ní ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ ni. Èmi ti jowú rí, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́. Kì í ṣe pé mo ká ọkùnrin kankan mọ́ ìyàwó mi. Orí ìkọ́ irin ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ṣéènì mọ́ ara lọ́rì kí ẹrù má baà yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé. Mo ní lọ́rì kan, àlòkù, orí rẹ̀ jẹ́ irin, ara rẹ̀ jẹ́ pákó. Ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, tí kò sí àdúgbò kan ní gbogbo Àkókó tí wọn kò ti ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ Ọ̀kà, iṣu ló sì ń tà. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Ọ̀kà, èmi àtòun la jọ ń gun òkè lọ. A ó kó iṣu tirẹ̀ àti ti àwọn obìnrin márùn-ún mìíràn tí wọ́n máa ń fi iṣu wọn rán an, a ó sì gbé e wá sí Ìkàrẹ́, níbi tí àwọn oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn ti ń dúró dè é.

Gbogbo onímọ́tò ló ń wá ojú rere rẹ̀, nítorí bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn, ẹrù tirẹ̀ yóò wà. Wọ́n á kí i ní gáréèjì, wọ́n á kúnlẹ̀ ẹ̀fẹ̀ fún un, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ni yóò jẹ́ kí mọ́tò tiwọn náà gbé e. Ẹ̀rín ni yóò rín. Bó bá di ọjọ́ ọjà, mọ́tò tèmi ni yóò kó ẹrù rẹ̀ sí. N kò mọ bí ọkọ mìíràn ṣe ń mọ̀ pé ìyàwó òun fẹ́ràn òun. Bí èmi ṣe ń mọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo sì ń bẹ̀rù jù láyé ni ọjọ́ tí yóò gbé agbọ̀n iṣu kọjá lára mọ́tò mi lọ sínú tẹlòmíràn.

Iṣu nìkan kò ṣòro dè. Okùn tí àwọn ará oko ń lọ́ tà lọ́jà la fi ń dè é, bó bá já a ó so ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, àwọn tó ń kọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n máa bá wọn gbé pákó láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́, pákó gígùn, tútù, tí àwọn agégẹdú ṣẹ̀ṣẹ̀ là nínú igbó. Pákó la ó tẹ́ sísàlẹ̀, iṣu la ó tò lé e lórí. Ìgbà kejì tí a gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, okùn já lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé Ìwàrò nísàlẹ̀ òkè. Ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀, ó mú okùn náà, ó wo ojú ibi tó ti já. Ó ní okùn kò lè mú pákó, ṣéènì ni a nílò. Ó ní òun ni yóò sì yàn án, nítorí iṣu òun ló wà lókè.

Mo gbà. N kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé yóò dín wàhálà mi kù ni.

Ará Ìjẹ̀ṣà kan ló ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Ìkàrẹ́ nígbà náà, ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà. Ó ń ta ìṣó, páànù, àdá, àgádágodo, ṣéènì oríṣiríṣi àti ìkọ́. Ó tó mi lọ́jọ́ orí. Ó ga jù mí lọ, ó ní èjí, aṣọ rẹ̀ kì í sì í dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ inú irin ló ń wà látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi kì í fẹ́ràn ọkùnrin tí kì í dọ̀tí nídìí iṣẹ́. Ìyàwó mi lọ sí ìsọ̀ náà lọ́jọ́ kìíní, ó pẹ́. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún pẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní n óò bá a lọ.

Mo rò pé a ó wọlé, a ó nawọ́ sí ìkọ́, a ó sanwó, a ó jáde. Ohun tí èmi ń pè ní ọjà rírà nìyẹn. Obìnrin yìí jókòó sórí àpótí bí ẹni tó wá kí ẹbí. Ó fa ṣéènì lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ ọ ní ìdè kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rí ìdè kan tí ẹnu rẹ̀ kò padé dáadáa, ó ní òun kò fẹ́ ṣéènì yẹn. Ará Ìjẹ̀ṣà gbé òmíràn wá láìjiyàn. Lẹ́yìn náà ni ó kan ìkọ́. Òrùka irin kan wà tí ọkùnrin náà kàn mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà, ìyàwó mi fi ìkọ́ kọ́ ọ, ó fà á, ó sì dẹ ọwọ́ lójijì. Ìkọ́ náà fò yọ, ó bọ́ sílẹ̀. Ó mú òmíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fà á, ó dẹ ọwọ́, òun náà bọ́. Ó wá mú èyí tó ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan lẹ́nu, tó dàbí ahọ́n. Bí ìkọ́ bá ti gbé òrùka mì, ahọ́n náà á padé pẹ̀lú ìró kékeré. Ó fà á, ó dẹ ọwọ́, ó gbọ̀n ọ́n, kò bọ́. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní kí n wá wò ó.

Èmi kò wo ìkọ́. Ojú ará Ìjẹ̀ṣà ni mo ń wò. Ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ìyàwó mi bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó gba ipò kìíní. Ó wá kọjú sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní bí gbogbo onímọ́tò Ìkàrẹ́ bá ní irú ojú tí ìyàwó mi ní, òun kò ní rí ìkọ́ burúkú tà fún ẹnikẹ́ni. Ìyìn ni. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni, ọkùnrin yìí sì ti ká ọwọ́ mi kúrò lórí iṣu mi, ó ń wò ó. Mo ní ó tó, ká máa lọ sílé. Ìyàwó mi ní òun kò tíì parí.

Láti ọjọ́ náà ni ará Ìjẹ̀ṣà ti bá wa wọlé. Kò wá fúnra rẹ̀, ẹnu ìyàwó mi ló ń gbé e wá. Bí a bá ti jókòó ti oúnjẹ, ó di "ó ní." Ó ní ṣéènì kò gbọ́dọ̀ kan iṣu ní ihòòhò, kí a máa fi àpò tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìkọ́ tó nípọn ló lágbára, ẹnu rẹ̀ ló yẹ kéèyàn wò. Ó ní ẹrù máa ń jókòó bí mọ́tò bá ti rìn díẹ̀, ṣéènì á sì dẹ̀, torí náà irin kan wà tí wọ́n ń yí, tó ń fa ṣéènì le padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kí n tó jẹ òkèlè karùn-ún, "ó ní" ti pé mẹ́fà. Mo bi í léèrè pé ṣé ó ní òun kò ní ìyàwó nílé ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó bu ọbẹ̀ kún tèmi, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ìkọ́ lọ.

Ẹ má rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Obìnrin tó ti rí nǹkan tuntun mọ̀ ni, inú rẹ̀ sì ń dùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Nígbà náà, ohun tí mo ń gbọ́ ni pé ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn lẹ́nu ìyàwó mi ju tèmi lọ. Èmi tí mo ti ń wa mọ́tò fún un láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sọ ohun tí mo wí fún ẹnikẹ́ni rí.

N óò sọ òtítọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò gba iwájú ìsọ̀ náà nígbà tí kò sí ohun tó gbé mi débẹ̀. N óò dín eré kù, n óò yọ ojú. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń júwe nǹkan gígùn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀. Ará Ìjẹ̀ṣà ń mi orí. Àwọn méjèèjì kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ǹ bá ní àwàdà ni wọ́n ń ṣe, ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ wo ni ìyàwó mi ń bá ọkùnrin àjèjì sọ, tí kò ní ẹ̀rín nínú, tó ń fọwọ́ kan ọrùn? Mo wa mọ́tò délé, n kò rántí ọ̀nà tí mo gbà.

Nígbà tó yàn tán, ó ní kí wọ́n dì wọ́n sínú àpò kan dè mí: ìkọ́ aláhọ́n mẹ́rin, ṣéènì méjì, àti irin yíyí méjì tó ń fa ṣéènì le. Ó ní kí n lọ kó wọn kí ọjọ́ ọjà Ọ̀kà tó pé. Mo ní n kò ní kó wọn. Ó béèrè ìdí. Ìdí tí mo ní kò ṣeé sọ, mo bá gbé Ògún wọ inú ọ̀rọ̀. Mo ní ilé alágbẹ̀dẹ ni ilé wa, Ògún ilé wa kò sì gbà kí irin àlejò de ẹrù wa mọ́ nǹkan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí láyé bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ló rí láyé bàbá rẹ̀. Irọ́ funfun báláú. Láyé bàbá mi, orí lásán ni wọ́n fi ń ru ẹrù.

Ìyàwó mi gbọ́ mi jálẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ṣé alágbẹ̀dẹ ilé yín náà ló rọ mọ́tò?"

Mo ní ó dára, n óò lọ kó wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

N kò lọ. Àbúrò bàbá mi kan wà ní agboolé wa tó ń rọ ọkọ́ àti àdá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ. Mo ní kó rọ ìkọ́ mẹ́rin fún mi tí mo máa fi de ẹrù. Àgbàlagbà náà sọ fún mi láìfi bò pé ìkọ́ tí wọ́n ń fi ẹran kọ́ sókè ààrò lòun mọ̀ ọ́n rọ, òun kò rọ ti mọ́tò rí. Mo ní kò sí ìyàtọ̀, kó ṣáà rọ ọ́ nípọn. Ó bi mí bóyá ó yẹ kí nǹkan kan wà tí yóò máa dí i lẹ́nu, nítorí òun ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan. Mo ní rárá, ẹnu lílà ni mo fẹ́. N kò fẹ́ fojú rí ahọ́n kankan lára mọ́tò mi.

Ó rọ wọ́n. Wọ́n nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Mo gbé wọn lọ́wọ́ kan sí èkejì, ó sì dà bíi pé mo ti la ẹnìkan mọ́lẹ̀ níjà. Mo ra ṣéènì àlòkù lọ́wọ́ dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi kan, n kò tọ́ ìdè rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dé ilé, mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn irin rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ ọjà, a gbé mọ́tò gun Òkè-Ọ̀kà. Bí ó ti ń lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣu, mo ti jẹ́ kí àwọn alágbàṣe to pákó, mo ti na ṣéènì kọjá lórí rẹ̀, mo ti fi ìkọ́ kọ́ òrùka ara mọ́tò lọ́tùn-ún lósì, mo sì ti fi àpò kòkó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé, ó rí àpò náà, ó yìn mí pé mo rántí pé ṣéènì kò gbọ́dọ̀ kan iṣu. Ó bi mí bóyá mo fa ìkọ́ náà wò. Mo ní mo fà á. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí ahọ́n padé. Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó ní òun náà fẹ́ràn ìró yẹn.

Wọ́n kó iṣu dé. Àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní àmì tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín sí orí iṣu wọn kó má baà dàrú lọ́jà. Ẹnìkan á fa ìlà kan, ẹnìkan méjì, ẹlòmíràn á fín in bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ti ìyàwó mi jẹ́ ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Òun ló máa ń tò ó, torí pé òun ni wọ́n fi ọkàn tán. Opó ni ọ̀kan nínú wọn, gbogbo iṣu oko rẹ̀ ọdún náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń sọ èdè Ọ̀kà láàrin ara wọn, èmi ará Ìkàrẹ́ ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí opó yẹn ń sọ pé lónìí ọkàn òun balẹ̀, wọ́n ní ìyàwó mi ti ra irin tuntun.

A gbéra. Ìyàwó mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inú mi dùn, mo ń sáré. Mo ń ro ti ará Ìjẹ̀ṣà tó ti di àpò rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa wo ọ̀nà títí, tí kò ní rí ẹni tó máa wá kó o. Mo ń rò ó pé n óò kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, n óò kí i.

Kòtò kan wà ní àárín ìsọ̀kalẹ̀ náà, òjò ló gbẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì máa ń tẹ bíréèkì kí n tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà ọkàn mi kò sí lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò kó sínú rẹ̀, ó gbé wa sókè, ó sì sọ wá mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ìró irin kan lẹ́yìn wa, kò pọ̀, bí ìgbà tí ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Lẹ́yìn náà ni pákó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀. Ọ̀kan fọ́ ògiri igi tó wà lẹ́yìn wa, ó gba àárín èmi àti ìyàwó mi kọjá, ó fọ́ gíláàsì iwájú, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ha mí létí òsì. Mo di sítíárìn mú títí mọ́tò fi rọ́ lu òkìtì etí ọ̀nà, tí ó dákẹ́. Níwájú wa, iṣu ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè, kékeré àti ńlá, lọ sọ́nà Ìwàrò.

Ìyàwó mi na ọwọ́ kọjá lórí pákó náà. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ etí mi, ó yí orí mi padà, ó wo ẹ̀yìn ọrùn mi fínnífínní. Nígbà tó rí i pé n kò fara pa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sọ̀kalẹ̀. Èmi kò tètè sọ̀kalẹ̀, torí mo mọ ibi tó ń lọ. Mo gbọ́ tí ó ká àpò kòkó. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti mú ọ̀kan nínú ìkọ́ àbúrò bàbá mi lọ́wọ́. Ìkọ́ náà kò ṣẹ́, kò sì tẹ̀. Ó fò yọ nínú òrùka ni nígbà tí ṣéènì dẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fò yọ níṣojú mi ní ìsọ̀. Ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀ níbi tí ahọ́n ì bá wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo tún fẹ́ẹ́ pe Ògún. Kò jẹ́ kí n débẹ̀.

"Mo rò pé inú mọ́tò yín ni mo kó ẹrù sí," ó wí. "Inú owú yín ni mo kó ẹrù obìnrin mẹ́fà sí."

Kò pariwo. Ó so ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣu.

Àwọn ará Ọ̀kà jáde, wọ́n bá wa ṣà á, ẹnikẹ́ni kò mú ọ̀kan lọ sílé. Wọ́n fi àmì yà á sọ́tọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, òkìtì mẹ́fà, àwọn obìnrin náà sì sọ̀kalẹ̀ wá dúró, olúkúlùkù nídìí tirẹ̀. Èyí tó fọ́ pọ̀ ju èyí tó ṣẹ́kù lọ. Opó náà ń wá àmì tirẹ̀ lára èyí tó fọ́. Wọ́n bi ìyàwó mi pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sì gbọ́ èsì rẹ̀ ketekete bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Ọ̀kà ló fi sọ ọ́. Ó ní kòtò ni. Ó ní òun ló yẹ kí òun ti fojú ara òun wo bí wọ́n ṣe dè é, kí wọ́n bínú sí òun. Kò mẹ́nu kàn mí. Ó ṣà nínú iṣu tirẹ̀ tó ṣì dára, ó kó o lé ti opó náà.

Kò bá mi padà sí Ìkàrẹ́. Iṣu tó fọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀, torí náà òun àti àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n bó o, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí àpáta kí ó lè di èlùbọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi wà níbẹ̀. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìka rẹ̀ ti dúdú nítorí oje iṣu, ó ń yí èlùbọ́ padà sí oòrùn. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè etí mi. N kò rí ibi jókòó sí láàrin wọn.

Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo mọ̀, síbẹ̀ owú kì í kú lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo délé tí ilé dá, ohun tí mo ń rò kò ju ìsọ̀ yẹn lọ, àti ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rín nínú. Mo dìde, mo lọ bá ará Ìjẹ̀ṣà. Kì í ṣe pé mo lọ tọrọ àforíjì, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ ẹ́? Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo bi í láìkí i pé kí ló ń bá ìyàwó mi sọ ní gbogbo ìgbà tí ó ń jókòó síbẹ̀.

Ó wo báńdéèjì tó wà létí mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e sí ẹsẹ̀ mi. Àpò tí n kò wá kó ni.

"Ọ̀rọ̀ yín ni," ó wí. "Kò bá mi sọ òmíràn rí. Ó ní ọkọ òun máa ń sáré ní ìsọ̀kalẹ̀, kì í gba ìbáwí. Ó ní kí n wá ìkọ́ fún òun tí kò ní jẹ́ kí pákó gún un lẹ́yìn ọrùn lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kó sí kòtò. Gbogbo ìkọ́ tí mo ní pátá ló dán wò."

Ọkùnrin tí mo ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni. Mo gbé àpò náà sí èjìká, ó wúwo, mo sì jáde lọ láìlè dúpẹ́.

Mo tún mọ́tò ṣe. Mo kọ́ àwọn ìkọ́ náà mọ́ òrùka fúnra mi, mo fà wọ́n, mo dẹ ọwọ́, mo gbọ́ ìró ahọ́n wọn. Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, mo dé Òkè-Ọ̀kà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. N kò fi àpò bo nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ó rí wọn láti òkèèrè.

Ó rí wọn. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó wá síbi mọ́tò, ó fi ìkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ òrùka, ó fà á, ó gbọ̀n ọ́n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yí irin yíyí náà títí ṣéènì fi le. Ó ní wọ́n dára, kí n máa lò wọ́n, kí n má ṣe yọ wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi fò sókè. Lẹ́yìn náà ni ó padà lọ gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì gbé e kọjá lára mọ́tò mi. Àwọn obìnrin yòókù tẹ̀lé e. Mọ́tò bàbá arúgbó kan ará Etioro ni wọ́n kó iṣu sí, ẹni tí kì í sáré, tí ó máa ń dúró ní gbogbo kòtò bí ẹni tó fẹ́ bi í léèrè ọ̀nà.

Mo sáré bá a. Mo bi í pé ṣé ìkọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn kò tó ni.

"Ìkọ́ tó," ó wí. "Ọwọ́ tó ń kọ́ ọ ni n kò mọ̀ mọ́."

A kò kọ ara wa sílẹ̀ o. Ó padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó se oúnjẹ, a jẹ ẹ́ pọ̀. Ó tún bí ọmọ méjì fún mi lẹ́yìn náà, a sì gbé pọ̀ títí tí irun wa fi funfun. Ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ kò wọ mọ́tò mi mọ́ láéláé. Pákó ni mo ń gbé. Mo wá ń jowú bàbá arúgbó tí kò ní eyín iwájú, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀sùn kàn, owú náà sì gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ohun tí ó gbà lọ́wọ́ mi, òótọ́ ló gbà á. Bí mọ́tò wọn bá pàdé tèmi lórí òkè, ìyàwó mi máa ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀gbẹ́ bàbá náà. Èmi náà á fọn fèrè fún wọn, n óò sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè kọjá.